Ihò Akàn Tí Wọ́n Dí Lójú Ọ̀nà Ẹlẹ́kọ

Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dí ihò tí àwọn akàn ń gbà kọjá títì, ẹnì kankan kò sì béèrè lọ́wọ́ wa.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun kò mọ ihò tí mò ń wí, ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀. Bí ẹ bá ti Ajah ń bọ̀, tí ẹ ti kọjá Lákọwé ṣùgbọ́n tí ẹ kò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń yà sí Ẹlẹ́kọ, ògiri kọnkéré kan wà láàárín ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì tó ya àwọn tó ń lọ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń bọ̀. Nísàlẹ̀ ògiri yẹn, ní ọ̀kánkán igi àgbọn kan tó tẹ̀ bí ìyá arúgbó tó ń wá abẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni ihò náà wà. Agolo mílíìkì ńlá lè wọ inú rẹ̀ láìfara kan ẹ̀gbẹ́. Kì í ṣe pé ògiri náà lanu fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ló dìídì ṣe é, ojú mi ló sì ṣe. Ní Ẹtì Rere tó kọjá, a débẹ̀ láàárọ̀, a bá sìmẹ́ńtì lójú ihò. Wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n dán an, wọ́n fi ọ̀dà dúdú àti funfun kùn ún. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gba ọ̀nà yẹn, mi ò tíì rí iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Kòtò kan wà lẹ́yìn Àbíjọ́ tó ti ba táyà mi jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó dí ìyẹn. Ihò akàn ni wọ́n rí dí.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ kó tó di tèmi. Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ọmọ Àgùdà ni láti Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó fẹ́ apẹja kan, ó sì bá a lọ sí Ẹlẹ́kọ. Ohun tó gbé láti ilé bàbá rẹ̀ kò pọ̀: àgbélébùú onígi kan, ìkòkò ńlá kan, àti fùréjọ̀n. Ẹni tí kò bá mọ fùréjọ̀n, ẹ̀wà ni. A ó sè é títí yóò fi rọ̀, a ó lọ̀ ọ́, a ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ, a ó dá a padà sórí iná pẹ̀lú ṣúgà àti omi funfun tí a fún lára àgbọn rírin, a ó sì máa rò ó títí yóò fi ki, tí ojú rẹ̀ yóò máa dán. Ọbẹ̀ ẹja ni àwọn ẹlòmíràn fi ń jẹ ẹ́. Nílé tiwa, ọbẹ̀ akàn ni. Ọjọ́ kan péré lọ́dún ni a ń sè é, Ẹtì Rere, ọjọ́ tí àwọn Àgùdà kì í fẹnu kan ẹran. Màmá Àgbà a máa sọ pé ọjọ́ ààwẹ̀ ni. Ẹni tó bá rí ìwọ̀n abọ́ tó fi ń bu oúnjẹ fún wa yóò mọ̀ pé ààwẹ̀ yẹn ní ìtumọ̀ tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń rìnrìn àjò Ẹlẹ́kọ lọ́dọọdún, láti ìgbà tí títì ti jẹ́ ojú kan ṣoṣo, tí igbó wà lọ́tùn-ún, tí igbó wà lósì. Àsìkò òjò àkọ́rọ̀ ni Àjíǹde máa ń bọ́ sí. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, àwọn akàn ilẹ̀ a jáde ní ìhà ọ̀sà, wọ́n á forí lé òkun, kò sì sí ọ̀nà mìíràn fún wọn àfi kí wọ́n sọdá títì. Akàn gìdìgbà, tí ẹ̀yìn wọn dúdú bí aró, tí ọwọ́ kan tóbi ju èkejì lọ. Àwọn abo inú wọn ti kó ẹyin mọ́ abẹ́ ikùn, inú omi ni wọ́n sì ń lọ gbọn ọ́n sí.

Mo rántí ọdún kan tí èmi àti ìyá mi wọ bọ́ọ̀sì kékeré. Dírẹ́bà tẹ búrèkì, ó ní òun kò lè gun abiyamọ mọ́lẹ̀ ní Gúùdù Fúráídè. Gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀ láti gbé akàn kọjá, àyàfi bàbá kan tó jẹ́ ará ìjọ aláṣọ funfun. Ó wọ sùtánà rẹ̀, kò sì wọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí ìlànà wọn.

“Bàbá, ẹ wá ràn wá lọ́wọ́ ná,” ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

“Ẹ̀yin wọ bàtà, Màmá. Èmi, ìka ẹsẹ̀ mẹ́wàá ni mo kó kúrò nílé, mẹ́wàá náà ni mo fẹ́ kó padà.”

Dírẹ́bà bojú wẹ̀yìn. “Wòlíì, ṣé ẹ̀mí ò fi hàn yín pé akàn ń bọ̀ lónìí ni?”

“Ó fi hàn mí. Òun ló jẹ́ kí n jókòó.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí akàn kan fi bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi.

Òfin kan ni Màmá Àgbà fi lélẹ̀ lórí akàn. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo abẹ́ ikùn rẹ̀. Bí ìbòrí ibẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́, akọ ni, ó ń bá wa lọ sídìí iná. Bí ó bá fẹ̀, abo ni, ẹ gbé e sọdá, kí ẹ sì kí i pé ó dàbọ̀. Abiyamọ kì í wọ ìkòkò òun. Ìgbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo rí abo kan tó sanra, ojú kòkòrò kò jẹ́ kí n fi í sílẹ̀, mo tì í sísàlẹ̀ agbọ̀n. Màmá Àgbà kò lù mí. Ó gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ó fún mi ní akàn náà, ó tẹ̀ lé mi dé etí òkun, ó ní kí n tọrọ àforíjì.

“Ẹ má bínú, Màmá,” mo sọ fún akàn.

“Ṣé bí wọ́n ṣe ń bẹ àgbà nìyẹn? Kúnlẹ̀.”

Mo kúnlẹ̀ nínú omi. Àwọn apẹja tó ń fa ọkọ̀ wọn gòkè ń wò mí, ọ̀kan ní, “Ẹ dárí jì í, ìyá oní-ìka púpọ̀, ọmọdé ń ṣe é.” Títí di òní, bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á bi mí léèrè ẹbí mi tó wà nínú òkun.

Nígbà tó yá, ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì dé. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn sí i. Mo ti ń gbé ní Abraham Adésànyà Estate nígbà náà, ìrìn tó ń gba ìdajì ọjọ́ tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí èèyàn ń ṣe kí tíì tó tutù. Àwọn ọmọ mi á lẹ ojú mọ́ wíńdò, wọ́n á máa wá lékeléke lórí pápá gọ́ọ̀fù ní Lákọwé, níbi tí ẹyẹ wọ̀nyẹn ti ń rìn ní fàájì bí ẹni tó ni ilẹ̀. Wọ́n á na ìka sí wọn pé kí wọ́n fún àwọn ní èékánná funfun. Ẹ̀gà a máa pariwo lórí igi àgbọn. Ṣùgbọ́n ògiri àárín títì náà dé. Ẹtì Rere àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n mọ ọ́n dé ìtòsí Ẹlẹ́kọ, akàn kún ìdí rẹ̀ bámúbámú. Wọ́n lọ sápá ọ̀tún, wọ́n bọ̀ sápá òsì. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ojú kò ṣeé fi lu kọnkéré.

Màmá Àgbà wà nínú ọkọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ̀ wa ló ti ń bọ̀. Ó ní kí n dúró. Àwọn bíríkìlà ń parí apá kan ògiri náà níwájú wa, kọnkéré ibẹ̀ kò tíì gan. Màmá Àgbà tọ ọ̀kan nínú wọn lọ, ọkùnrin kan láti Èkìtì tó di irin ìrẹ́lé mú, tó ń wo akàn tìyanu-tìyanu.

“Ọmọ mi, ìwọ lo kọ́ èyí?”

“Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Ọ̀gá ló ní ká kọ́ ọ.”

“Mi ò bi ọ́ léèrè ọ̀gá. Níbo lo fẹ́ kí àwọn wọ̀nyí gbà?”

Ó wo ilẹ̀, ó wo ògiri. “Màmá, ìwé iṣẹ́ ò dárúkọ akàn.”

“Ṣé ó dárúkọ omi òjò?”

“Ó dárúkọ ẹ̀, Màmá. A máa ń fi ihò sílẹ̀ fún omi.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Fi ihò sílẹ̀ fún omi níbí. Akàn á mọ bí wọ́n ṣe máa bá omi sọ ọ́.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbẹ́ ihò, ó sì rẹ́ etí rẹ̀ dáadáa kó má bàa gé ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Nírọ̀lẹ́, Màmá Àgbà ní kí n gbé abọ́ fùréjọ̀n lọ fún un. Ó tọ́ ọ wò, ó dáwọ́ dúró.

“Àǹtí, ta ló da ṣúgà sẹ́wà?”

“Bí wọ́n ṣe ń sè é nìyẹn.”

“Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó tó bá ṣe báyìí, wọ́n á ní kó lọ sinmi nílé ìyá ẹ̀.” Ó tún fi ọbẹ̀ akàn kan ẹnu. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu abọ́. “Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé iṣẹ́ ń bẹ tí mo tún fẹ́ wá yẹ̀ wò lọ́dún tó ń bọ̀.” Ó sì wá lóòótọ́, lọ́dún mẹ́ta léraléra, kí iṣẹ́ tó gbé e lọ síbòmíràn.

Ẹ wo ayọ̀ tí ihò yẹn fún wa. Bí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú Ẹtì Rere, a ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú ewé àgbọn lọ́wọ́, a ó máa jù ú fún ọkọ̀ pé kí wọ́n rọra. Àwọn akàn á tò sídìí ihò. Ọdún kan, baba akàn kan há sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ìlà dúró, àwọn ọmọ mi ń ké pé, “Ọ̀gá, ẹ wọlé ká rọ́nà lọ.” Awọ́nríwọ́n kan náà gbìyànjú rẹ̀ rí. Ó wọ̀ dé ìdajì, ikùn kò gbà fún un, ó fi ẹ̀yìn rìn jáde, ó sì ń wò wá bí ẹni pé àwa la tì í wọlé.

Màmá Àgbà ti dàgbà kọjá ẹni tó ń wá sójú títì báyìí. Ìdí ìkòkò ló máa ń jókòó sí. Bí a bá dé, kó tó bu oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni, ìbéèrè kan ló ń bi mí: “Ṣé àwọn abiyamọ ti kọjá?” Bí mo bá ti ní wọ́n ti kọjá, ó di jíjẹ. Ní ọdún tó kọjá, mi ò lè purọ́ fún un. Mo sọ ohun tí mo bá lójú ihò. Ó dé ìkòkò.

“Kò sẹ́ni tó ń jẹun.”

“Màmá, àwọn ọmọ kò tíì jẹ nǹkan láti àárọ̀.”

“Akàn náà kò tíì jẹ.”

Nítorí náà a padà sójú títì, àwa àti aládùúgbò, pẹ̀lú agbọ̀n, ìgbálẹ̀ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì. Èrò inú bọ́ọ̀sì méjì sọ̀ kalẹ̀ bá wa. A gbé abiyamọ sọdá ògiri títí oòrùn fi dé àtàrí. Akàn mú àbúrò mi ọkùnrin létí. Ẹ má bi mí bó ṣe débẹ̀. Nígbà tí a padà délé tí Màmá Àgbà ṣí ìkòkò, òórùn àgbọn gba gbogbo àgbàlá. Ààwẹ̀ tòótọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbà ní Ẹtì Rere nìyẹn, fùréjọ̀n kò sì dùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi rí.

Bí mo ṣe ń lá ìka, Màmá Àgbà ní, “Ìwọ lo lọ yunifásítì. Kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn.”

Mo ti lọ sí ọ́fíìsì mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ títì kàn kí n tó kọ ọ́. Ọ́fíìsì àkọ́kọ́ ní ògiri náà kì í ṣe tàwọn. Èkejì ní àwọn ló ni ọ̀dà, àwọn kọ́ ló ni sìmẹ́ńtì. Nínú ẹ̀kẹta, ọ̀gá kan wò mí lókè délẹ̀, ó ní, “Màdáámù, akàn ta ni?”

Ó dáa, mo wá ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú gbogbo ayé. Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n dí ihò náà? Ihò omi ló jẹ́ nínú ìwé iṣẹ́ yín, níbo ni ẹ fẹ́ kí omi gbà? Ọjọ́ wo ni ẹ ó lu ú padà? Òjò àkọ́rọ̀ kì í dúró de ìpàdé. Bí Ẹtì Rere bá sì tún dé, tí ìyá arúgbó kan ní Ẹlẹ́kọ fi ọwọ́ lé ìdérí ìkòkò, tó bi mí pé ṣé àwọn abiyamọ ti kọjá, kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ fún un?