Àpáta tí wọ́n yà sí omi Snake Island

Ayàwòrán kan ní Amùkòkò gbé òkun lé mi lọ́wọ́ lónìí, àpáta yí i ká bí ẹni pé Olúmọ ló rìn wá sí Àpápá.

Omi Snake Island ni mo ní kó yà, níbi tí ìyàwó mi ti ń dúró ra ẹja títí ikú fi mú un.

Mo ní, “Ọ̀gbẹ́ni, níbo lo ti rí àpáta?”

Ó ní, “Bàbá, inú kàlẹ́ńdà ni. Ẹ wo bí ìgbì ṣe ń kọlù ú. Ọ̀dà ọ́ìlì gidi ni mo lò.”

“Ṣé inú kàlẹ́ńdà ni ìyàwó mi ti ń ra ẹja?”

Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n ya màmá sórí àpáta náà, kí wọ́n jókòó.”

A jọ gbé títí a fi hewú, n kò rí obìnrin yẹn kó jókòó rí. Mo ní kó yà á.

Ẹ bá mi bú u, tàbí kí ẹ bú èmi tí mo gbà.