Bí Màmá Ṣe Fi Òróró Pa Gìtá Baba

Ìró ọwọ́ Màmá ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí n tó rí i. Ó ń dún ṣìn-ìn, ṣìn-ìn, bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbá ilẹ̀ gbígbẹ. Nígbà tí mo yọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo bá a lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, gìtá kan sì wà lórí itan rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ wẹ̀. Sáńpépà tí àwọn káfíńtà fi ń ha igi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Eruku pupa ti bò ó dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Bó o bá fẹ́ jókòó, jókòó. Má ṣáà ta eruku sí mi."

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Ní Ìgandò la wà, nígbà tí oko ẹ̀gẹ́ ṣì pọ̀ ju ilé lọ ládùúgbò wa. Yàrá méjì làwọn òbí mi gbà nínú ilé Màmá. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Baba. Nínú òjò ọdún yẹn ni Baba kú. Gìtá yìí ló ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀. Igi ọ̀gánwó ló fi ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ti ṣèlérí rẹ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa pé wọ́n á fi ṣe ìkórè. Ó ti kàn án tán, àmọ́ igi lásán ni, kò tíì fi òróró pa á.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá káfíńtà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Ìkòtún wá sílé. Èmi ni mo gbé omi fún un. Ó yí gìtá náà sọ́tùn-ún sósì, ó fi ìka kàn án, kó-kó.

"Màmá, ẹ jẹ́ n máa gbé e lọ. Màá fọ́n fánìṣì sí i kó lè máa dán, màá gbé e fún ṣọ́ọ̀ṣì fúnra mi."

"Orúkọ ta ni yóò wà lára ẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi ni, mà. Ṣebí èmi ni mo parí ẹ̀."

Màmá gba gìtá náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ọkọ mi ló kàn án. Èmi ni màá parí ẹ̀."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Màmá, iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin o."

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó ti ọkùnrin yẹn. Ojú mi ò fọ́."

Ọjọ́ márùn-ún ló fi ha igi náà. Nígbà tó parí, ó mú ọwọ́ mi, ó fi kan ẹ̀yìn gìtá náà. Ó ń jọ̀lọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. A lọ sí Ìkòtún, a ra òróró tí wọ́n fi ń pa igi nínú ìgò tí wọ́n fi ìwé dí lẹ́nu. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti koríko gbígbẹ tí ẹnì kan da ẹja lé lórí.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi pa á, inú wa dùn jù. Ó da òróró náà sí i yàà, àwọ̀ pupa tó sá pamọ́ sínú igi sì jáde lójijì. A gbé e sóòrùn. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, eruku ti bò ó, ìyẹ́ adìyẹ kan sì ti lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀gá káfíńtà kọjá.

"Màmá, ṣé gìtá lẹ̀ ń ṣe ni àbí adìyẹ?"

Àwọn aládùúgbò bú sẹ́rìn-ín. Màmá dìde. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé ó ń sunkún ni. Àmọ́ nígbà tó jáde, síńgílẹ́ẹ̀tì Baba tó ti gbó ló mú dání.

"Mo ti rántí," ó ní. "Bí Baba bá ti fi òróró pa igi, á jẹ́ kó mu díẹ̀, á wá nù ún títí á fi dà bí ẹni pé kò fi nǹkan kan pa á. Ṣe ni mo máa ń bá a jà pé ó ń fi òróró ṣòfò!"

Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màmá gbé àpótí rẹ̀ kúrò ní ẹ̀yìnkùlé, ó gbé e síwájú ilé, níbi tí gbogbo ayé ń gbà kọjá, ó sì ha gbogbo òróró náà kúrò. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń kán òróró sí àkísà díẹ̀díẹ̀, ó ń fi pa igi náà káàkiri, ó ń dúró ìwọ̀n ìgbà tí ìrẹsì fi ń jinná, ó ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì nù ún gbẹ. Ọrùn gìtá ni ó fi sílẹ̀ fún mi. Bí a bá ṣe tán, ó ní kí n sá àkísà sórí okùn, torí àkísà olóróró tí a bá ká jọ lè gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la pa á. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo rí eyín ara mi nínú ẹ̀yìn gìtá náà, mo sì pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi sáré jáde.

Lọ́jọ́ ìkórè, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin so okùn rẹ̀ mọ́ ọn, ó gbé e sókè, oòrùn ojú fèrèsé sì bọ́ sí i lára. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ṣe hà. Nígbà tó ta á, ohùn rẹ̀ kún inú ilé dé òrùlé. Olórí akọrin bèèrè ẹni tó ṣe é. Màmá dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ọkọ mi ló kàn án. Èmi ni mo fi òróró pa á. Ọmọbìnrin yìí ló pa ọrùn ẹ̀."

Ariwo ayọ̀ sọ. Àwọn ìyá ìjọ jó lọ bá a níbi tó dúró sí, wọ́n fà á jáde, ó sì jó títí bàtà fi bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá káfíńtà dé pẹ̀lú àga ọ̀gánwó mẹ́rin. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ẹ má bínú. Oníbàárà mi ní irú dídán ti gìtá yẹn lòun fẹ́."

"Kó wọn kalẹ̀," Màmá ní. "Kí ìwọ náà sì jókòó, kó o wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Olùkọ́ ìṣirò ni mí lónìí. Nígbà míì, mo máa ń ṣi iṣẹ́ ṣe lójú pátákó, àwọn ọmọ á sì rẹ́rìn-ín. N kì í fi ara bò ó. Mo máa ń sọ fún wọn pé mo ṣì í ni, màá nù ún nù níṣojú wọn, màá sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú kì í tì mí rárá.