Gìtá Tí Mo Fi Gọ́ọ̀mù Lẹ̀

Bàbá mi kò gbà pé ìṣó nìkan lè di igi mú. Káfíńtà ni wọ́n kí ogbó tó dé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí Ọjà Igbó. Ìdajì àwọn bẹ́ǹṣì tí ìjọ Onítẹ̀bọmi wa ń jókòó lé lọ́jọ́ Ìsinmi, ọwọ́ wọn ló ti jáde. Lójú tiwọn, ẹni tó bá kan igi mọ́ igi láìkọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù sí i, ọ̀dàlẹ̀ ni, torí ó mọ̀ pé àga náà á máa mì tó bá yá, ó sì dákẹ́. Àwọn ọmọ ẹlòmíràn ń kọ́ á-bí-dí, àwa ń kọ́ pé gọ́ọ̀mù ló ń ṣáájú ìṣó.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá, mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà kí n kan àpótí ìjókòó kan. Díákónì ìjọ wa kan tó sanra, tó sì fẹ́ràn àdúrà gígùn, ló kọ́kọ́ jókòó lé e. Kò tíì fìdí kanlẹ̀ dáadáa tó fi bá ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá wo àpótí, wọ́n wo díákónì, wọ́n wá wò mí. Wọ́n ní, “Ìyá mi, máa lọ kàwé rẹ.” Ìyá mi ni wọ́n ń pè mí, torí kò pẹ́ tí ìyá wọn kú tí wọ́n fi bí mi. Wọn kò bínú rárá, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Mo kàwé náà. Mo kà á títí mo fi di olùkọ́ ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan ní Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n n kò tún fọwọ́ kan ayùn nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ojú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní èyí tó ti lọ nínú ìríran wọn kò ní padà, pé ìyókù náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ohun kan ṣoṣo tí mo fi igi ṣe, kí wọ́n sì sọ pé ó dára, kí ojú yẹn tó kú tán. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, mo mọ̀, mo sì ti lé ní ogójì ọdún.

Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí àpótí rẹ̀ ti gbé díákónì ṣubú fẹ́ kàn? Orí fóònù ni mo ti rí ìdáhùn. Àwọn kan ń polówó gìtá oníná tí wọn kò tíì tò, gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ wà nínú páálí kan: ara lọ́tọ̀, ọrùn lọ́tọ̀, okùn, wáyà, síkúrúù. Mo ti ń ta gìtá láti ìgbà tí mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo sì wò ó pé ilé iṣẹ́ tó gé igi náà ti bá mi ṣe ibi tó le. Ó ku kí n fi ọ̀kan mọ́ èkejì. Ọmọ ọdún mẹ́fà náà á ṣe é, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ara mi.

Nígbà tí páálí náà dé, mo tú u sórí tábìlì tí a ti ń jẹun. Ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá ara gìtá nílẹ̀ gbalaja, ọrùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìfun rẹ̀ nínú abọ́ ọbẹ̀. Ó dúró wò ó fúngbà díẹ̀, ó sì bọ́ fìlà.

Ó ní, “Ọjọ́ wo ni ìsìnkú?”

Mo ní kó lọ jẹun rẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ibẹ̀ ló sì ti jẹun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo fi pépà tí wọ́n fi ń ha igi ha ara gìtá náà títí tó fi ń dán. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń ṣe é, gbogbo aṣọ tí aládùúgbò wa sá ló gba eruku lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fi fáníìṣì àga kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Mo jó wáyà mọ́ àwọn irin kékeré tó ń gbọ́ ohùn okùn, ìka mi méjì sì jó mọ́ ọn. N kò bìkítà. Mo ń kọrin. Mo ti ń rí bàbá lọ́kàn mi tí wọ́n ń gbé e wò, tí wọ́n ń mi orí.

Ìgbà tó wá kan ọrùn ni ẹ̀kọ́ ilé pa mí. Ìwé tó wà nínú páálí ní síkúrúù mẹ́rin ni kí n fi de ọrùn mọ́ ara, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí èèyàn má baà ṣì í gbọ́, wọ́n ya ìgò gọ́ọ̀mù kan síbẹ̀, wọ́n sì fa ìlà pupa kọjá lórí rẹ̀. Mo wo àwòrán yẹn, àánú àwọn tó yà á sì ṣe mí. Mo ní àwọn wọ̀nyí kò ní bàbá. Ìgò gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Mo dà á sí i bí ẹni da ọbẹ̀ sórí ìrẹsì àlejò, mo fi ọrùn bọ̀ ọ́, mo fi síkúrúù dè é, mo sì fi òkúta méjì tẹ̀ ẹ́ di ọjọ́ kejì. Ẹni bíni là á jọ.

Nígbà tí mo fa okùn sí i, àṣírí tú. Gọ́ọ̀mù ti pọ̀ jù lábẹ́ ọrùn, ó gbẹ síbẹ̀, ọrùn sì tẹ̀ síwájú díẹ̀. Díẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n okùn ga kúrò lára igi débi pé èèyàn lè sá aṣọ lé e. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ìka mi á bó, ohùn tó ń jáde á sì dà bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá ń bá ẹnìkan jà. Mo tú síkúrúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọrùn kò mira. Mo fà á. Ọkọ mi bá mi fà á. Ọrùn náà wò wá níran. Ìgbà yẹn ni mo lóye ìlà pupa: síkúrúù nìkan ni wọ́n fẹ́, kí ẹni tó tò ó lè tú u, kó tún un ṣe. Iṣẹ́ tí bàbá kọ́ mi, iṣẹ́ àga tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lè tú ni.

Mo jókòó ti gìtá náà, inú bí mi, ojú sì tì mí. Mo lè jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún màmá mi lórí fóònù pé mò ń kan nǹkan, wọ́n sọ fún bàbá, bàbá sì ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé ìgbà wo ni mò ń gbé e bọ̀. Ojú ọ̀hún kò sì ní dúró dè mí. Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo fi aṣọ ìbora wé e, mo wọ ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́.

Ààfáà àgbàlagbà kan tó ń lọ ra àlùbọ́sà ní Sábó ló jókòó tì mí. Ó wo ẹrù gígùn tó wà lórí itan mi títí, kò lè mú un mọ́ra.

“Ẹ jọ̀ọ́ màdáámù, ṣé nǹkan tí ẹ gbé yìí ò lè yìn bí ìbọn?”

Mo ṣí aṣọ díẹ̀ fún un. “Gìtá ni, bàbá.”

Kò fi mọ níbẹ̀. “Gìtá tí mo mọ̀ ní ihò láyà. Ihò tèyí dà?”

“Oníná ni, sà. Kò nílò ihò.”

“Nǹkan tí ò ní ihò, níbo ló ti ń mí èémí?” Ó ṣàdúrà fún un kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, pé kí Ọlọ́run fún un ní ẹ̀mí. Gbogbo ọkọ̀ ṣe àmín, èmi ni mo sì ṣe é kíkankíkan jù.

Bàbá wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Wọn kò tiẹ̀ gbé e súnmọ́ ojú. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti pẹ́ jù, pé ojú yẹn ti lọ jìnnà ju bí wọ́n ṣe ń sọ fún mi lórí fóònù lọ. Ìka wọn ló ń rìn lára igi náà, láti ìdí dé ọrùn, láti ọrùn dé orí, wọ́n sì padà sí oríkèé ọrùn, wọ́n dúró síbẹ̀.

“Gọ́ọ̀mù wà níbí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ó pọ̀ jù. Ó ti gbé e nídìí. Ṣé wọ́n ní kí o fi gọ́ọ̀mù sí i ni?”

“Rárá, sà. Wọ́n ní kí n má fi sí i.”

“Ta ló wá ní kí o fi sí i?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

Màmá tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà dáwọ́ dúró. Èjìká bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, kò sì pẹ́ tí ẹ̀rín fi bú jáde, ẹ̀rín tó pẹ́ débi tí wọ́n fi ní kí màmá bu omi wá fún àwọn. N kò rántí ìgbà tí mo gbọ́ irú rẹ̀ kẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n mu omi tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. Wọ́n ní kí màmá gbé áyọ́ọ̀nù wá. Iná mànàmáná ti lọ, nítorí náà eléèédú ni màmá gbé wá. Wọ́n ní kí n rẹ aṣọ sínú omi, kí n fún un, kí n gbé e lé oríkèé náà, kí n gbé áyọ́ọ̀nù lé e kí gọ́ọ̀mù lè rọ̀. Èéfín omi sọ. Bàbá mú ọbẹ tín-ínrín kan, wọ́n fi ìka òsì wá ojú oríkèé, wọ́n sì ki ọbẹ bọ̀ ọ́ láìṣì í. Mo fẹ́ fa ọrùn. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́.

“Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Tún rẹ aṣọ.”

A rẹ aṣọ tó ìgbà mẹ́wàá. Mò ń gbé iná, wọ́n ń ki ọbẹ, a kò sì sọ ju “níbí” àti “ó tó” lọ. Nígbà tó yá, ọrùn náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni pé kò jà rí. Fáníìṣì ti funfun lágbègbè ibẹ̀, ó ṣe mí bí i kí n sunkún. Bàbá ní kí n fi í sílẹ̀, àpá kì í ba ohùn jẹ́. Wọ́n ha gọ́ọ̀mù kúrò, wọ́n la igi kékeré kan tó fẹ́lẹ́, wọ́n fi í sísàlẹ̀ ihò ọrùn kí ọrùn lè fẹ̀yìn díẹ̀, wọ́n ní kí n de síkúrúù. Síkúrúù nìkan. Wọ́n fi ọwọ́ pa gbogbo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Ta ló ha igi yìí tó fi dán báyìí?”

“Èmi ni, sà.”

“Hùn.”

Mo dúró de ìyókù. Kò sí ìyókù. Mo gbé “hùn” náà yẹ̀wò bí ìṣirò tó le, mo dà á sápá ọ̀tún, mo dà á sápá òsì, kò fún mi ní ìdáhùn kankan.

Wọ́n ní kí n tún fa okùn rẹ̀, kí n ta á kí àwọn gbọ́. Kò sí iná, bẹ́ẹ̀ gìtá oníná tí kò rí iná, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n fa àga wọn súnmọ́ mi, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n sì gbé etí lé ara igi náà. Mo ta orin ìyìn kan tí wọ́n fẹ́ràn. Orí wọn wà lábẹ́ ọwọ́ mi, irun funfun ibẹ̀ ń kan ìka mi. Nígbà tí mo parí, wọn kò gbé orí sókè.

Wọ́n ní, “Má tíì dáwọ́ dúró.”

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo nawọ́ sí gìtá. Wọ́n ní omi ṣì wà lára igi yẹn, kò gbọdọ̀ wọkọ̀ lónìí, kí n fi í sílẹ̀. Bí mo ṣe padà sí Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ òfo nìyẹn, tí n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo tìtorí rẹ̀ lọ. Ọkọ mi yọ̀ pé tábìlì ti ṣófo. Èmi ò yọ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, màmá pè mí. Wọ́n ní bàbá ń fi ìka fa okùn kan ṣoṣo láti àárọ̀, pé kò sí àlejò tó wọlé tí wọn kò ní kó gbé etí lé igi. Mo béèrè bóyá wọ́n ti sọ nǹkan kan nípa bí mo ṣe ṣe é.

Màmá ní, “Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ní kí o ra òmíràn.”

“Òmíràn kẹ̀? Kí ló ṣe tibẹ̀ yẹn?”

“Kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní tó bá dé, o ò gbọdọ̀ tú u wò. Kí o gbé páálí rẹ̀ wá bó ṣe wà, kí o gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Wọ́n ti ní kí ẹnìkan wá ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kó gbá ibẹ̀.”

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn níwájú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, mo sunkún níṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní òdo. Ọjọ́ yẹn náà ni mo ra òmíràn.