Ìwé Tí Mo Buwọ́ Lù Kí A Tó Sin Ẹ̀gbọ́n Mi

Jẹnẹrétọ̀ ni mo ń tún ṣe ní Ìjagun, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí. Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò ní girama. Ohun tí mo mọ̀ nípa ẹjọ́ dókítà, orí bẹ́ńṣì kóòtù ni mo ti kọ́ ọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kú. Wọ́n fẹ́ yọ ìju inú ilé ọmọ fún un ní ọsibítù aládàáni kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láàárọ̀ kùtù, wọ́n gbé e jáde, ó lajú, ó bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní kí n má fọwọ́ kan ìrẹsì òun tó wà nílé. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní òtútù ń mú òun, òùngbẹ sì ń gbẹ òun. Ìyá mi lọ pe nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá, ẹ lọ jókòó jàre. Bó ṣe máa ń ṣe wọ́n nìyẹn."

Kí wọ́n tó pe ìrun Aláásárì, ó ti kú.

Mètírọ́ọ̀nù pè mí sí kọ̀rọ̀ kan. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba, kí wọ́n yẹ òkú wò, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó pa á?"

Mo ní rárá. Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Àwọn bàbá wa ti ń pè mí lórí fóònù pé wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀, pé a gbọ́dọ̀ sin ín kí Mọ̀ńgàríbì tó dé. Ọ̀rọ̀ ìsìnkú, ọkùnrin ló ń sọ ọ́ nílé wa, ọkọ rẹ̀ ò sì sí nítòsí. Ìyá mi wà lórí bẹ́ńṣì níta, ibi tó wà kò jìnnà sí mi rárá. N kò bi í. Mètírọ́ọ̀nù gbé ìwé kan wá pé àwa ẹbí kò fẹ́ àyẹ̀wò. Mo buwọ́ lù ú, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn pé ẹ̀gbọ́n mi ti mu àgbo kó tó wá ṣe iṣẹ́ abẹ, pé àgbo ló pa á. Ó dé ilé ọkọ rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé ìyá mi ló ń gbé oúnjẹ fún un ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìdí tí ìyá mi fi pe ọsibítù náà lẹ́jọ́ nìyẹn.

"Kí adájọ́ sáà sọ ohun tó pa ọmọ mi síta," ló máa ń wí. "Ìyẹn náà tó mi."

Lọ́yà wa, obìnrin kan tó ń gbé Òdògbolú, fi ara balẹ̀ ṣàlàyé fún wa. "Màmá, pé èèyàn kú kò tó. Dókítà kì í ṣe Ọlọ́run." Ó ní adájọ́ máa kọ́kọ́ béèrè bóyá ọsibítù náà ló yẹ kó tọ́jú rẹ̀, ìyẹn ò sì ní wàhálà. Lẹ́yìn náà ló máa béèrè bóyá wọ́n ṣe ohun tí dókítà mìíràn tó mọṣẹ́ máa ṣe. Dókítà mìíràn ló máa wá jẹ́rìí sí ìyẹn. Èyí tó le jù ló kù: ṣé àṣìṣe wọn gan-an ló pa á, àbí nǹkan mìíràn? Àwa tí a pẹjọ́ la máa fi hàn, kì í ṣe àwọn. "Kò ní láti dájú bíi ti ẹjọ́ apànìyàn. Kí tiwa sáà wúwo ju tiwọn lọ díẹ̀."

"Òkú ọmọ mi ò wúwo tó ni?" ni ìyá mi wí.

Èyí tó le jù yẹn yé mi ju bó ṣe yẹ lọ. Bí oníbàárà bá ní mẹkáníìkì kan ba jẹnẹrétọ̀ òun jẹ́, mo máa ní kó gbé e wá kí n tú u. Bó bá ní òun ti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí ni mo fẹ́ sọ? Mo lè mọ̀ pé mẹkáníìkì yẹn kì í da ọ́ìlì sí i. N kò lè búra pé ìyẹn ló bà á jẹ́. Mo mọ èyí, síbẹ̀ n kò sọ fún lọ́yà wa pé mo buwọ́ lu ìwé kankan.

Dókítà àgbà tó wá jẹ́rìí fún wa yẹ káàdì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n mi wò. Ó ní ó yẹ kí wọ́n máa yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lemọ́lemọ́, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Odidi wákàtí mẹ́ta ni wọn kò kọ nǹkan kan. Ìyá mi fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lọ́yà ọsibítù dìde. "Dókítà, kí ló pa á?"

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú rẹ̀."

"Ó ṣeé ṣe, àbí ó dá yín lójú?"

"Láìsí àyẹ̀wò òkú, kò lè dá mi lójú."

Ó wá kàn mí. Mo ti gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì kí lọ́yà ọsibítù tó kọjú sí mi.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wọ́n lè yẹ òkú wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí lẹ fèsì?"

"Mo ní rárá."

"Ṣé ìwé tẹ́ ẹ buwọ́ lù rèé?"

"Òun ni."

N kò lè wo ibi tí ìyá mi jókòó sí.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, adájọ́ ní ọsibítù náà kò ṣọ́ ọ bó ṣe yẹ. Ó ní kò sí ẹ̀rí kankan pé ó mu àgbo. Ṣùgbọ́n ó ní a kò fi hàn òun pé àìṣọ́ yẹn ló pa á, nítorí ẹbí fúnra wọn ni kò fẹ́ àyẹ̀wò òkú. Ó da ẹjọ́ wa nù.

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé wa lọ sílé, ìyá mi kọjú sí mi. Ó wá ní, "Mo wà lórí bẹ́ńṣì yẹn, àbí mi ò sí níbẹ̀?"

"Ẹ wà níbẹ̀, Màmá."

"Ṣé o bi mí?"

"N kò bi yín."

"Ǹ bá ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò."

Kò tún bá mi sọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ìwé ìdájọ́ wà nínú àpótí rẹ̀, lábẹ́ ìborùn tó fi ń kírun. Bí àwọn ará ilé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bá wá, ó máa ń mú un jáde, á ní kí n ka ojú ewé tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àgbo. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, lọ́yà ló kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fún mi. Mo máa ń kà á sókè, kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ìlà tó tẹ̀ lé e ni ìlà tèmi, èyí tó ní ẹbí kò fẹ́ àyẹ̀wò.

"Ó tó bẹ́ẹ̀," ni ìyá mi máa ń wí, á sì gba ìwé náà lọ́wọ́ mi.