Ajá Omi àti Àpò Gbágùúdá

Nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè jù sódò pé kí ajá lọ gbé e wá, igi ń bẹ, bọ́ọ̀lù ń bẹ, bàtà tó ti gbó ń bẹ. Èmi, àpò gbágùúdá ni mo mú. Odò tí gbogbo obìnrin abúlé wa ń rẹ gbágùúdá sí ni mo sì mú un lọ. Ẹni tó bá ń wá òmùgọ̀ kiri, kó má lọ jìnnà.

Ẹni tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa lè má mọ̀. Bí wọ́n bá bó gbágùúdá tán, wọ́n á kó o sínú àpò, wọ́n á di ẹnu rẹ̀, wọ́n á rì í sómi létí odò, wọ́n á wá so ó mọ́ igi tí wọ́n gún mọ́lẹ̀. Bó bá ti rọ̀, wọ́n á lọ gbé e, wọ́n á fi ṣe fùfú. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní igi tirẹ̀, àkísà tí wọ́n so mọ́ àpò ni wọ́n sì fi ń dá a mọ̀. Àpò ẹlòmíràn kì í ṣe ohun tí à ń fọwọ́ kàn. Ọmọdé mọ bẹ́ẹ̀. Ajá ni kò mọ̀. Èmi tí mo mọ̀, n kò rántí.

Ajá náà kì í ṣe tèmi, àbúrò mi obìnrin ló ni ín. Kútọnù ló ń gbé, ó ń dáná fún àwọn òyìnbó kan. Nígbà tí wọ́n ń padà sílùú wọn, wọ́n fi ajá sílẹ̀ fún un. Ọmọ rẹ̀ wá bímọ ní Àbújá, ó ní láti lọ bá a tọ́jú ọmọ tuntun. Ló bá gbé ajá wọ mọ́tò, ó gbé e wá sílé mi ní abúlé wa nítòsí Ayétòrò.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, mo rò pé àgbò ni. Ó dúdú, irun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀, orí rẹ̀ tó ìkòkò. Alájì tó ń ta ẹran, aládùúgbò mi, yọjú lórí ògiri.

"Bàbá, Iléyá ṣì jìnnà o! Níbo lẹ ti rí àgbò yìí?"

Àgbò gbó. Alájì ò yọjú mọ́ lọ́jọ́ náà. Èmi náà ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jáde, kì í géni jẹ," ni àbúrò mi wí. "Omi ló fẹ́ràn. Niufáńlándì ni wọ́n ń pe irú wọn, etí òkun tútù ni wọ́n ti ń bí wọn. Àwọn apẹja ibẹ̀ ló ń lò wọ́n láti fa àwọ̀n, àti láti yọ ẹni tó bá já sómi. Ṣùgbọ́n ooru ilẹ̀ wa yìí lè pa á. Dókítà ẹranko ní Ìlarò sọ pé kó máa wọ odò lójoojúmọ́."

"Èmi tí mi ò lè lúwẹ̀ẹ́?"

"Ajá ló ń lọ lúwẹ̀ẹ́, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ máa ju nǹkan sómi fún un kó máa gbé e wá, iṣẹ́ ni inú ẹ̀ ń dùn sí. Ṣùgbọ́n, Ẹ̀gbọ́n, bí ooru bá pa á mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má wulẹ̀ pè mí."

Orúkọ tí àwọn òyìnbó sọ ọ́, ahọ́n mi ò gbé e. Bọ̀dá ni mò ń pè é. Ẹni tó tóbi tó báyìí, tó léyín tó báyìí, a kì í pè é lórúkọ. Mo tún ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. "Bọ̀dá, ẹ jókòó. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀." Ìyàwó mi gbọ́ ọ, ó ní láti ọjọ́ tóun ti wọ ilé yìí, kò sẹ́ni tó fi "ẹ jọ̀ọ́" bẹ òun rí.

Ìbẹ̀rù ló kọ́kọ́ mú mi máa wò ó. Ohun tó bá ń bani lẹ́rù, ojú kì í kúrò lára rẹ̀. Bó bá sùn, n ó jókòó sórí àpótí lókèèrè, n ó máa wò ó. Lọ́jọ́ kan ó na ẹsẹ̀, mo rí i pé awọ wà láàárín ọmọ ìka rẹ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Mo bu omi lé e lẹ́yìn. Omi náà yí dànù bí omi orí ewé kókò. Mo fi ìka wá inú irun náà, mo bá ìsàlẹ̀ ní gbígbẹ. Ta ló rán irú ẹ̀wù báyìí fún ajá? Èmi tí wọ́n bí sí etí odò, kò sí ohun kan lára mi tí wọ́n ṣe fún omi.

Orí fóònù ni àbúrò mi ti kọ́ mi níṣẹ́. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀. Mo ta kókó sí àkísà, mo jù ú, mo ní, "Bọ̀dá, ẹ gbé e wá." Ó gbé e wá. Gbígbà ló di ìṣòro. Mo fà, òun náà fà, eré ló pè é.

"Dùsùmáà, Ẹ̀gbọ́n!" ni àbúrò mi ń ké nínú fóònù, Faransé ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu. "Ẹ rọra! Ẹ má fà á mọ́. Ẹ fi ẹja hàn án, yóò tu ú sílẹ̀ fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ wá yìn ín."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Bó bá tu àkísà sílẹ̀, mo fún un ní orí ẹja gbígbẹ, mo ní, "Ó tó, ẹ ṣé."

Síbẹ̀, mo fẹ́ mọ bí ẹnu yẹn ṣe le tó kí ọwọ́ mi tó sún mọ́ ọn. Mo gbé ẹyin adìẹ sílẹ̀ fún un. Ó gbé e, ó yí àgbàlá ká, ó wá gbé e lé mi lọ́wọ́. Itọ́ bò ó, ṣùgbọ́n kò sán. Ìyàwó mi ni kò gbà láti dín in.

Ìgbà tó yá, a lọ sódò. Àkísà ń rì, mo ní láti wá ohun tó ń léfòó. Àpò gbágùúdá kan wà nílé tí a ò lò mọ́. Mo ki háhá àgbàdo sínú rẹ̀, mo di í, inú mi sì dùn sí ọgbọ́n ara mi. Mo dúró sórí gbòǹgbò igi kan níbi tí omi ò lè bá mi, mo jù ú. Bọ̀dá wọ omi láìpariwo, ó ń fi ìrù tọ́nà, ó gbé àpò wá. A ṣe é títí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bẹ̀rù.

Nígbà tí a padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí n tó ju ohunkóhun, Bọ̀dá ti wọ omi. Ó lọ tààrà síbi tí àwọn igi gbágùúdá wà. Ó gbá àpò kan mú, ó fà, igi mì. Ó tún fà, igi yọ. Ó gbé àpò àti igi àti àkísà wá síwájú mi, ó jókòó, ó ń retí orí ẹja. Kí n tó rí ohùn, ó ti lọ gbé òmíràn.

"Bọ̀dá, ó tó! Ẹ jọ̀ọ́, ó tó!"

Ó gbọ́ "ó tó", ó rò pé mò ń yìn ín. Ó tún yára sí i.

Àwọn obìnrin tó wá wo gbágùúdá wọn bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú òkìtì àpò, bí ẹni tó pàtẹ.

"Háà, Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà ti ń ṣe fùfú ni?"

"Fùfú wo? Olè jíjà ló ń kọ́ ajá!"

Ọ̀kan nínú wọn wọ omi láti lọ so tirẹ̀ padà. Bọ̀dá rò pé ó ń rì. Ó lọ fẹnu di apá rẹ̀ mú, ó fà á gúnlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ gbà mí o! Ẹranko ti gbé mi!"

Kò ní egbò kankan, ṣùgbọ́n igbe rẹ̀ dé oko.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá, àgbà gbogbo àwọn tó ń rẹ gbágùúdá. Òun ló ń fi ibi tí oníkálùkù máa gún igi sí hàn án. Kì í pariwo. Ó wo ajá, ó wo èmi.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Ìyá wí, nítorí ó ti mọ̀ mí láti ìgbà tí mi ò tíì máa wọ ṣòkòtò. "Láti kékeré ni ẹ̀rù odò yìí ti ń bà ọ́. O wá rán ajá wọ̀ ọ́?"

"Ìyá, ooru ló ń pa á. Bí kò bá wọ omi, yóò kú."

"Gbágùúdá yìí náà la fi ń bọ́ ọmọ. Máa mú un lọ sókè odò lọ́hùn-ún, níbi tí a kì í rẹ nǹkan sí, títí di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ náà, mú un wá síbí lójú gbogbo wa. Bó bá fẹnu kan àpò ẹnikẹ́ni tó so mọ́ igi, kò gbọ́dọ̀ dé odò yìí mọ́, ì báà ṣe òkè, ì báà ṣe ìsàlẹ̀."

Kò sí odò míì nítòsí wa. Mo wo Bọ̀dá tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ahọ́n rẹ̀ yọ gbọọrọ. Mo rántí ọ̀rọ̀ àbúrò mi: ẹ má wulẹ̀ pè mí.

Kí ló fà á lọ sídìí àwọn àpò yẹn? Ṣé ojú ni, àbí imú? Mo ki háhá àgbàdo sínú àpò ìrẹsì tuntun, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò gbágùúdá. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ gbé e wá." Ó kọjá àpò ìrẹsì bí ẹni tí kò rí i, ó gbé ti gbágùúdá. Imú ni! Èmi fúnra mi ni mo fi òórùn yẹn hàn án, tí mo tún fi ẹja tì í lẹ́yìn. Ajá ò jalè, iṣẹ́ tí mo kọ́ ọ ló ń ṣe.

Mo wá ń wá ohun tí kò lóòórùn gbágùúdá rárá. Lọ́dọ̀ wa níbí, nítòsí bọ́dà, kí ló tún pọ̀ bíi kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò? Mo mú òfìfo kan, mo dé e, mo so okùn mọ́ ọn. Ó ń léfòó dáadáa. N kò ronú kan ohun tí gbogbo ayé ń fi kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò ṣe ní bọ́dà. Alájì ń gun ọ̀kadà bọ̀ láti oko, ó rí ajá dúdú tó ń fa kẹ́ẹ̀gì gba inú omi kọjá. Ó dúró, ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀kadà fẹ́rẹ̀ẹ́ dà á nù.

"Bàbá! Fàyàwọ́ bẹntiróòlù lẹ ń kọ́ ọ?"

"Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo."

"Ẹ bá mi kọ́ àgbò tèmi náà o!"

Ó wá ku bí yóò ṣe mọ ohun tí kò yẹ kó gbé. Mo gún igi mélòó kan síbi tí omi ò jìn, mo so àpò gbágùúdá mọ́ wọn. Mo wọ omi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, èmi yìí wọ omi! Ó dé orókùn mi, mo sì di igi mú bí ọmọ tó di ìyá rẹ̀ mú. Bí Bọ̀dá bá sún mọ́ àpò, n ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀." Bó bá fi sílẹ̀, ẹja. Bó bá fà á, n kò ní bá a wí, n kò ní fún un ní nǹkan, n ó kàn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyẹn dùn ún ju ẹgba lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mi ò kọ́ ọ. Bó bá dé ìdí nǹkan nínú omi, á kọ́kọ́ fi imú tì í. Bí nǹkan náà bá dúró gírígírí, á yà kúrò. Bó bá ń sún lọ, á gbé e. Mo tú okùn àpò kan láti dán an wò. Ó tì í, àpò sún, ó gbé e wá. Mo tún un so. Ó tì í, ó fi sílẹ̀. Mo jókòó sórí iyanrìn, mo ń wò ó bí ẹni ń wo idán. Ta ló sọ fún un pé ohun tó so mọ́lẹ̀ ló ní ẹni tó ni ín? Mélòó nínú àwa èèyàn ló ń fi imú tì í wò kó tó gbé e?

Ọjọ́ ọjà pé. Àwọn obìnrin yà sétí odò kí wọ́n tó kọjá sọ́jà. Àpò wọn wà nínú omi, okùn wọn le. Ìyá jókòó sórí àpótí.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin la fẹ́ dán wò ni, àbí ajá?" Obìnrin tí Bọ̀dá fà lápá ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Mo gun orí gbòǹgbò mi. Mo fi gbogbo agbára ju kẹ́ẹ̀gì, kó lè kọjá àwọn àpò. Gbòǹgbò yọ̀. Kẹ́ẹ̀gì lọ, èmi náà lọ.

Omi bò mí lórí. N kò ní parọ́, mo ké pe ìyá mi tó ti kú. Mo ń nawọ́ kiri, mo rí nǹkan kan gbá mú. Mo fà á, igi yọ mọ́ mi lọ́wọ́, okùn já. Bọ̀dá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí kẹ́ẹ̀gì. Ó yíjú, ó fi í sílẹ̀, ó gba àárín àwọn àpò padà láìwo ọ̀kankan, ó fẹnu di apá ẹ̀wù mi mú, ó wọ́ mi gúnlẹ̀. Nígbà tí mo dìde, mo rí i pé omi ibẹ̀ ò ju ìbàdí lọ.

Ariwo ẹ̀rín sọ. Bọ̀dá ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó padà wọ omi. Ó fi imú ti àpò kan, ó dúró gírígírí, ó fi sílẹ̀. Ó ti òmíràn, ó fi sílẹ̀. Ó wá bá ọ̀kan tó ti já, tó ń bá omi lọ. Ó tì í, ó sún. Ó gbé e wá, ó gbé e sílẹ̀ níwájú Ìyá, ó jókòó.

Ìyá wo àkísà ara àpò náà. Tirẹ̀ ni.

"Ta ló fà á tu?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Omi ń kán lára mi, igi Ìyá ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ìyá fọwọ́ pa ajá lórí.

"Ajá lè máa wá sódò nígbà tó bá wù ú," ló wí. "Ìwọ ni, bí o bá ń tẹ̀ lé e wá, kó o jẹ́ kí wọ́n so ọ́ mọ́ igi."