Bàbá Tí Òjò Kò Gbọdọ̀ Pa

Bí a bá dárúkọ olóògbé Olúgbóyèga Gbọ́lágadé ní Fẹ́sítáàkì títí di òní, ọ̀rọ̀ kánópì ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Keje, bàbá náà gun kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì nínú òjò, ó sì wọ ẹ̀wù òjò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán láti ara ògbólógbòó kánópì kan. Afeez, tí ó ń yá ènìyàn ní kánópì àti àga ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ni ó fún un ní aṣọ náà lẹ́yìn tí ìjì ti fà á ya. Ẹ̀wù náà gbòòrò débi pé ó bo ọkùnrin, ó bo kẹ̀kẹ́, ó sì tún ṣẹ́ kù. Orúkọ Afeez àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá, nítorí kò sí ọṣẹ tí ó lè fọ̀ wọ́n kúrò.

Nígbà tí ó dé ibùdókọ̀ Alákijà, òjò náà le sí i, ó sì sọ̀kalẹ̀ kí ó lè sinmi díẹ̀. Kò tíì dúró dáadáa tí obìnrin kan tí ó gbé agbọ̀n ẹja yíyan fi tẹrí ba, tí ó sì wọ abẹ́ ẹ̀wù náà. Ọkùnrin kan tí ó gbá àkùkọ mọ́ra tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì wọlé láìkí onílé.

Bàbá Gbọ́lágadé wò wọ́n títí. "Ẹ̀yin ará," ni ó wí, "Ìjẹgùn-Ẹ̀gbá ni mo ń lọ o."

"Kò burú, Bàbá," ni ẹlẹ́ja dáhùn láti abẹ́ aṣọ. "Ibẹ̀ náà ni àwa ń lọ. Ẹ ṣáà máa rọra rìn, ẹja mi ò gbọdọ̀ tutù."

Báyìí ni ó ṣe ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba inú àdúgbò Sátẹ́láìtì kọjá, tí ẹsẹ̀ mẹ́wàá ń yọ lábẹ́ ẹ̀wù kan ṣoṣo, láìka ti àkùkọ. Kí ọjọ́ náà tó rọ̀, ènìyàn mẹ́ta ti pe Afeez lórí fóònù pé àwọn fẹ́ yá kánópì. Ọ̀kan nínú wọn ní èyí tí ó ń rìn yẹn gan-an ni òun fẹ́.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni Bàbá Gbọ́lágadé kí ó tó fẹ̀yìn tì. Fáìlì ni ó tọ́jú fún ọdún márùndínlógójì, ó sì gbàgbọ́ pé kò sí wàhálà kan láyé tí pépà kò lè dín kù. Nígbà tí òtútù oṣù Keje bá dé, ìwé ìròyìn ni ó máa ń tẹ́ sí àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ní òtútù kì í ka ìwé ìròyìn kọjá ojú ewé kejì. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ìjọ bá kúnlẹ̀, ariwo pépà láti àyà rẹ̀ ni ó máa ń ṣáájú àdúrà, títí Àlùfáà Ògúndípẹ̀ fi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa fi ìròyìn ayé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ó tún ní ọgbọ́n ti ẹsẹ̀. Ọ̀rá píọ̀-wọ́tà ni ó ń wọ̀ lé bàtà, yóò sì fi rọ́bà dì í ní ọrùn ẹsẹ̀. Ọgbọ́n agbòjò kò pẹ́ ní tirẹ̀. Ó so agbòjò ńlá kan mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó sì so ó dáadáa, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ ìdajì. Nígbà tí ẹ̀fúùfù gbá agbòjò náà mú ní ojú ọ̀nà Ìjẹgùn, kò já. Òun àti kẹ̀kẹ́ àti bàbá ni wọ́n jọ lọ wọ àárín òkìtì táyà níwájú ṣọ́ọ̀bù Dennis mẹ́káníìkì.

Dennis fà á jáde. "Daddy, ṣé kí n bá yín dá Maruwa dúró?"

"Rárá, Dennis. Nínú Maruwa, ọ̀tún àti òsì ni òjò ń gbà wọlé. Lórí kẹ̀kẹ́ mi, ó kéré tán mo mọ ibi tí ó ń gbà bọ̀."

Àwọn tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ rò pé ìgbéraga ni kò jẹ́ kí bàbá náà fẹ́ kí ẹ̀kán omi kan bà lé òun. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá Àyìnkẹ́ Ọ̀jẹ̀túndé ni ó ṣe òfin pé òjò kò gbọdọ̀ pa á, ọmọ ìjọ kan náà, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, tí ó ń gbé ní Ìjẹgùn-Ẹ̀gbá pẹ̀lú Lilian ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Rosaline, aya Bàbá Gbọ́lágadé, sùn nínú Olúwa, ọkùnrin náà kò dé ilé Ọlọ́run fún oṣù mẹ́jọ. Ní gbogbo ìgbà náà, ọjọ́ Ìsinmi kan kò kọjá kí Ìyá Àyìnkẹ́ má wọkọ̀ wá sí Amúwo-Ọ̀dọ̀fin láti sọ ìwàásù ọjọ́ náà fún un, yálà ó fẹ́ gbọ́ tàbí kò fẹ́, títí ojú fi ti bàbá, tí ó sì padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nísinsìnyí ojú ìyá náà ti fọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Nítorí náà ni ìwàásù ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ lọ bá a.

Ṣùgbọ́n òtútù òjò ni ó pa ọkọ Ìyá Àyìnkẹ́, ẹni tí òjò pa nígbà tí ó ń bọ̀ wá mú un ní ọjà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Bàbá Gbọ́lágadé sì fi aṣọ títutù jókòó tì í, ìyá fi ọwọ́ kàn án, ó sì fa ọwọ́ náà padà bí ẹni tí iná jó.

"Olúgbóyèga, gbọ́ mi dáadáa. Ọjọ́ tí o bá tún fi omi wọ ilé mi, ọjọ́ náà ni o wá kẹ́yìn. Òjò ti gba ọkọ lọ́wọ́ mi. Kò ní gba oníwàásù."

Láti ìgbà náà, kí ó tó jókòó, ìyá yóò na ọwọ́ sí i bí Ísáákì ti na ọwọ́ sí Jákọ́bù: apá aṣọ, ọrùn ẹ̀wù, orúnkún. Bí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, yóò ní, "Ó dáa. Kí ni Olúwa wí?"

Ohun tí Olúwa wí lẹ́nu Bàbá Gbọ́lágadé sì máa ń pọ̀ ju ohun tí Ó wí lẹ́nu àlùfáà lọ. Nígbà tí Àlùfáà Ògúndípẹ̀ wá fún ìyá ní oúnjẹ Olúwa, ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìwàásù Jónà. "Ibi tí ẹ ti ní ẹja náà pàápàá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, pé ó gbé oúnjẹ mì kò sì gbádùn rẹ̀, ibẹ̀ wọ̀ mí lára gan-an." Àlùfáà kò wàásù lórí Jónà rí láti ìgbà tí ó ti dé Fẹ́sítáàkì. Ó ní ògo ni fún Ọlọ́run. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ó wàásù rẹ̀.

Nínú oṣù Kẹsàn-án, ẹ̀wù kánópì fà ya lójú ọ̀nà, omi sì wọ ọ́ dé egungun. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Dennis.

"Dennis, yá mi ní aṣọ rẹ, tòun ti ṣòkòtò."

"Èyí tó wà lára mi yìí? Daddy, epo wà lára ẹ̀ o."

"Epo kì í ṣe omi."

Nígbà tí òjò dá, ó wọ ilé ìyá pẹ̀lú ìgboyà. Ìyá fọwọ́ kan apá aṣọ, ó gbẹ. Ó fọwọ́ kan ọrùn ẹ̀wù àti orúnkún, wọ́n gbẹ. Lẹ́yìn náà ni ó fa imú.

"Ohùn yìí, ohùn Olúgbóyèga ni. Aṣọ yìí, aṣọ ẹni tó ń sùn sábẹ́ mọ́tò ni."

"Ìyá, ara mi gbẹ."

"Jákọ́bù náà rí nǹkan sọ. Kí ni ìwàásù òní dá lé lórí?"

Bàbá Gbọ́lágadé wo epo ara aṣọ náà. "Lórí òtítọ́ ni, mà."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí Lilian fi gbé omi wá fún un. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó ní òun dárí jì í lẹ́ẹ̀kan yìí, ṣùgbọ́n bí èkejì bá ṣẹlẹ̀, ilẹ̀kùn yóò tì.

Èkejì ṣẹlẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá. Láti àṣálẹ́ Àbámẹ́ta ni òjò ti ń rọ̀. Omi bo àwọn òpópónà Fẹ́sítáàkì, ènìyàn mọ́kànlá péré ni ó sì wá sí ìsìn. Bàbá Gbọ́lágadé di ìhámọ́ra rẹ̀ pátá: ìwé ìròyìn ní àyà, ọ̀rá ní ẹsẹ̀, kánópì tí ó ti lẹ̀ ní ibi méje. Nítòsí Alákijà, ọkọ̀ tírélà kan sáré wọ inú kòtò, ó sì da gbogbo omi kòtò náà lé e lórí láti ọrùn wọnú. Ṣọ́ọ̀bù Dennis wà ní títì. Ó wo ọ̀nà ilé, ó wo ọ̀nà Ìjẹgùn. Ọkùnrin náà mọ̀ pé bí òun bá fi omi wọlé, òun kò ní wọ ibẹ̀ mọ́; bí òun kò bá sì lọ, ìyá yóò jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, yóò kọ ojú sí ilẹ̀kùn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Lilian ní àwọn kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn fèrèsé ni ohùn náà ti wá.

"Ìyá, ẹ káàsán, mà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, omi wà lára mi. N kò ní wọlé. Ibí ni n ó ti wàásù."

Ó sì bẹ̀rẹ̀. Ìpè Ábúráhámù ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé, gẹ́gẹ́ bí Lilian ti sọ, kí ó tó pe orúkọ bàbá ńlá náà tán, ẹni náà ìbá ti rìn láti Úrì dé Kénáánì.

Ìyá gbọ́ gbólóhùn méjì. "Lilian, ṣílẹ̀kùn."

"Grandma, ẹ̀yin lẹ ní—"

"Mo mọ ohun tí mo ní. Ṣí i."

Bàbá Gbọ́lágadé dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán láti ara rẹ̀, lẹ́tà ìwé ìròyìn sì ti tẹ̀ dúdú sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. "Ìyá," ni ó wí, "ṣé òní ni mo wá kẹ́yìn?"

Ìyá Àyìnkẹ́ tú ìborùn tí ó fi bo èjìká rẹ̀. "Wá síbí. Kúnlẹ̀, ọwọ́ mi ò tó orí rẹ." Ó fi ìborùn náà nu orí rẹ̀ bí a ti ń nu orí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, ó ń nu ún, ó ń kùn. "Olórí kunkun. Ta ló rán ẹ nínú irú òjò báyìí? Olórí kunkun." Láti abẹ́ ìborùn, ọkùnrin náà ń bá ìwàásù lọ.

Nínú ọyẹ́ oṣù Kínní ni Olúwa pe Bàbá Gbọ́lágadé lọ sí ìsinmi, lórí àga rẹ̀, ní ọ̀sán tí kò sí ìkùukùu kan lójú sánmà. Láàárín oṣù Kẹwàá sí ìgbà náà, kò pa ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ. Lilian ní ìyá kò tún fọwọ́ kan apá aṣọ rẹ̀ mọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò na ọwọ́ síwájú nínú òkùnkùn rẹ̀, yóò wá orí rẹ̀ kàn, yóò sì gbé ọwọ́ náà lé e títí ìwàásù yóò fi parí.