Fíríìdọ̀mù Bàbá Mùtàlíbù

Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Mùtàlíbù oníṣẹ́ iná ní Ìbàfò, bó ṣe dọ̀bálẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ. Ọdún 2006 ni, nínú káfẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì tí ọmọbìnrin kan, Fisáyọ̀, ń bójú tó. Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ti gbé ẹ̀kọ́ iná mànàmáná sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí olùkọ́ ṣe yọjú nínú fídíò báyìí, baba ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta na gbalaja sílẹ̀.

"Bàbá, wọn ò rí yín o," Fisáyọ̀ wí.

"Èmi ṣáà rí wọn. Ṣé torí pé wọn ò rí mi ni kí n wá di aláìlẹ́kọ̀ọ́?"

Ọ̀fẹ́ lẹ̀kọ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ yẹn le. Fídíò kan lè fi gbogbo ọ̀sán wọlé. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá dúró, olùkọ́ á yanu sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ á máa rẹ́rìn-ín. Mùtàlíbù á ní, "Ẹ fara balẹ̀, ọ̀gá mi ń ronú ni." Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ga jù ú lọ, Fisáyọ̀ ló ń jókòó tì í, tó ń túmọ̀ rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi parí ẹ̀kọ́ mẹ́rìnlélógún.

Ló bá ní òun fẹ́ fíríìdọ̀mù. Oníṣẹ́ ọwọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá tíì gbàdúrà lé lórí kò tíì kọ́ṣẹ́ tán, kò sì gbọdọ̀ dá a ṣe. Wáyà ilé nìkan ni Mùtàlíbù kọ́ tẹ́lẹ̀. Mọ́tọ̀ iná tó ń yí ẹ̀rọ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ yìí, kò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Afọlábí, alága ẹgbẹ́ wọn, fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọ̀gá tí o kò pọnmi fún rí? Ní kó wá sí Ìbàfò wá dá ọ sílẹ̀!"

Fisáyọ̀ kọ̀wé sí yunifásítì náà. Èsì dé: àwọn kì í fún ẹni tó kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní sátífíkéètì, olùkọ́ kì í sì í dá wọn lóhùn.

"Ta ló bèèrè sátífíkéètì?" Baba náà fèsì. "Àdúrà ni mo ní kí wọ́n gbà fún mi." Ó dun Fisáyọ̀ wọra.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó mú ìwé kan jáde. "Bàbá, ọ̀gá yín ti fèsì o!" Ó túmọ̀ rẹ̀ fún un: "Mùtàlíbù, o kọ́ṣẹ́, o sì mọṣẹ́. Iná ò ní gbé ọ. Ọwọ́ rẹ á mókè. Àwọn òpó Ìbàfò tó ti jẹrà ò ní wó lù ọ́."

Mùtàlíbù ń ṣe àmín títí ó fi parí. Ó wá yọjú wò ó lórí awò ojú rẹ̀. "Fisáyọ̀, ta ló sọ fún òyìnbó pé òpó Ìbàfò ti jẹrà?"

Fisáyọ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ dákun, Bàbá, ẹ má bínú."

"Dìde. Ta ló jókòó tì mí láti ẹ̀kọ́ kìíní? Mo ti ṣe àmín, mi ò sì ní gbà á padà." Lọ́jọ́ kejì ló tú mọ́tọ̀ ẹ̀rọ omi àkọ́kọ́ rẹ̀ palẹ̀.

Ní 2009, àìsàn ọjọ́ mẹ́ta péré ló mú un lọ. Ìyàwó rẹ̀, Sọ̀fíyátù, wá sí káfẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n tó gbẹ́ sàréè.

Omijé bọ́ lójú Fisáyọ̀. "Màmá, ṣé ẹ ti sọ fún alága ẹgbẹ́ wọn?"

"A ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá ti sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá kú, ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ sọ fún."